Oòrùn Aago Mẹ́rin ní Awoyaya

Ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ rédíò wa ní Awoyaya ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí, bí mo bá sì ti rántí rẹ̀, òórùn dísù ló máa ń kọ́kọ́ dé imú mi. Ẹ̀yìn yàrá tí a ti ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sí. Èéfín rẹ̀ á gba abẹ́ fèrèsé wọlé, á bá òórùn ẹja tí wọ́n ń yan lẹ́bàá títì pàdé, èmi obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún á sì jókòó sáàárín méjèèjì, màá máa wúkọ́ sínú aṣọ ìnujú kí àwọn olùgbọ́ má baà gbọ́. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ fún ọ, ọ̀rẹ́ mi, nítorí ó ṣì wà lórí àga rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ ọ́n kó tó di ọ̀gá ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo kọ́ ọ ní físíìsì nílé-ìwé girama ní Ajah. Mo tilẹ̀ rántí iṣẹ́ àṣetiléwá kan tí mo fún kíláàsì wọn: kí wọ́n kan igi kan mọ́lẹ̀ ní gbangba, kí wọ́n sì máa sàmì sí òjìji rẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Tirẹ̀ ló mọ́ jù nínú gbogbo wọn. Mo fún un ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ọ̀pọ̀ ọdún ni mo sì fi ń fi ìwé rẹ̀ han àwọn kíláàsì tó tẹ̀ lé wọn.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì ni mo bẹ̀rẹ̀ ètò kan lórí rédíò náà, láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Àwọn àgbàlagbà abúlé etí ọ̀sà ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Màá kéde fún ẹni tí okùn ọkọ̀ rẹ̀ já tí omi gbé ọkọ̀ náà lọ, màá sọ ibi tí abúlé kan wà kí wọ́n tó mọ ògiri yí i ká tí wọ́n sọ ọ́ di ẹ́síteètì. Bàbá apẹja kan wà ní Lakowe tó máa ń pè mí lórí fóònù lójoojúmọ́, kì í sì í dúró kí mi. "Ìyá Rédíò, mò ń tún àwọ̀n mi ṣe o. Ẹ máa sọ̀rọ̀ lọ, bí ẹ bá dákẹ́, ọwọ́ mi á dúró." Ọkọ mi ti kú, àwọn ọmọ mi wà lókè òkun. Wákàtí kan yẹn ni mò ń tìtorí rẹ̀ jí, òun ni mò ń tìtorí rẹ̀ wọ aṣọ tó dáa.

Nígbà tí èéfín fẹ́ pa mí, mo fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ ojú ìwé mẹ́jọ lórí bí páńẹ́lì oòrùn ṣe lè gbé ilé-iṣẹ́ wa. Mo ṣírò iná tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń lò, mo ya àwòrán òrùlé, mo sàmì sí ibi tí páńẹ́lì kọ̀ọ̀kan máa wà. Ọ̀gá ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́ níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ fẹ́ sá rédíò sóòrùn? Aṣọ ni wọ́n ń sá sóòrùn, mà." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí àwàdà náà dáa, ìyẹn ló sì bí mi nínú jù. Kò pẹ́ sígbà náà tó dúró níwájú àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ pẹ̀lú ojú ìwé mẹ́jọ yẹn gan-an. Orúkọ tirẹ̀ ló wà lókè. Mo ti ṣe àṣìṣe kan ní ojú ìwé karùn-ún, mo kọ méjìlá síbi tó yẹ kí n kọ mẹ́rìnlá. Méjìlá yẹn ṣì wà níbẹ̀. Kò tilẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jí i.

Ìwọ náà mọ̀ mí: n kì í gbàgbé, mo kàn máa ń dúró ni.

Wọ́n gbé páńẹ́lì dé. Ẹ́ńjínnìà obìnrin kan tó wá láti Ẹ̀pẹ́ ló tò wọ́n sórí òrùlé pẹlẹbẹ wa, ó sì mọṣẹ́. Bí mo ṣe ń bínú tó, inú mi dùn lọ́jọ́ tí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀. Ariwo tó ti wà létí wa fún ọ̀pọ̀ ọdún dúró lójijì, gbogbo wa sì ń wo ara wa bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Bàbá apẹja pè. "Ìyá Rédíò, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ wẹ̀ lónìí? Ohùn yín mọ́ kedere!"

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, ọ̀gá ní kí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ lọ, a ò nílò ẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ló gbé pátákó gàgàrà kan sí etí òrùlé ní apá ìwọ̀-oòrùn, wọ́n sì gé e bí àwòrán ara rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀: ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, ó ń wo ọ̀nà Ajah. Ó ní ẹni tó bá ń bọ̀ láti Ajah gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó mú oòrùn wọ Awoyaya. Ẹ́ńjínnìà ti lọ síbi iṣẹ́ mìíràn nítòsí èbúté tuntun, kò sẹ́ni tó bi í léèrè.

Lọ́jọ́ kejì, bí aago mẹ́rin ṣe kọjá díẹ̀, ìnfátà, ẹ̀rọ tó ń fún wa ní iná láti inú bátìrì, bẹ̀rẹ̀ sí í ké, iná sì kú mọ́ mi lẹ́nu. Ó rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kẹta. Ó rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin. Àwọn òṣìṣẹ́ ti ń pè mí ní Màmá Paná. Ọ̀gá pè mí sí ọ́fíìsì. "Mà, láàárọ̀ kì í kú. Lọ́sàn-án kì í kú. Àfi tó bá di orí ètò yín. Àwọn tó ń pè yín lórí fóònù ti pọ̀ jù, àwọn ló ń fa iná wa tán. Ọjọ́ Ẹtì yìí la máa ṣe é mọ. Ètò bọ́ọ̀lù ló máa gba àyè yẹn." Mo wo ojú rẹ̀. Ọmọ tí mo kọ́ ní físíìsì ló ń sọ fún mi pé fóònù tó wà lọ́wọ́ bàbá apẹja ní Lakowe ń jẹ iná wa ní Awoyaya! Mo fẹ́ gba mẹ́sàn-án mi padà lójú ẹsẹ̀.

Mo pe ẹ́ńjínnìà. Ó ní bátìrì wa kò pọ̀, bí páńẹ́lì bá ti dáwọ́ dúró, kò ní pẹ́ tí iná inú wọn á fi tán. "Mà, bí òjìji bá bo ẹyọ kan péré nínú páńẹ́lì tí mo so pọ̀ yẹn, á fa àwọn yòókù sẹ́yìn. Ṣé igi kan hù nítòsí ni?"

Mo ní, "Igi kò hù. Àmọ́ nǹkan kan ti hù níbẹ̀."

Ní Ọjọ́rú, mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo di ìró mi dáadáa, mo gun àkàsọ̀ irin lọ sórí òrùlé. Mẹ́gáàdì dúró nísàlẹ̀, ó ń bẹ̀ mí. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀. Tẹ́ ẹ bá já bọ́, wọ́n á ní èmi ni mo tì yín." Ilẹ̀ òrùlé gbóná gba inú sálúbàtà mi, atẹ́gùn òkun sì ń bu iyọ̀ sí mi lẹ́nu. Mo jókòó sórí garawa kan, mò ń fi ṣọ́ọ̀kì tọ etí òjìji pátákó yẹn ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ara wọn, mò ń kọ aago sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan. Láago méjì, kò tíì dé ibì kan. Láago mẹ́ta, ó kan páńẹ́lì àkọ́kọ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù, kí n tó sọ̀kalẹ̀ lọ bẹ̀rẹ̀ ètò mi, ó ti na ara rẹ̀ lé ìlà méjì lórí. Èmi nìkan ni mo wà lókè, mo sì rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi.

Mo lè lọ sọ fún un ní ìkọ̀kọ̀. Ẹlòmíì á ṣe bẹ́ẹ̀. Mo dúró de ọjọ́ Ẹtì, ní aago mẹ́ta ààbọ̀, mo kó gbogbo òṣìṣẹ́ gòkè, mo sì bẹ òun náà. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo nǹkan kan." Ó gòkè pẹ̀lú bàtà dídán rẹ̀.

"Ọ̀gá, kí lẹ rí?"

"Páńẹ́lì, mà."

"Lórí páńẹ́lì ńkọ́?"

Mẹ́gáàdì ló na ìka. "Ọ̀gá, orí yín ni. Ẹ wo pátákó yín, ẹ wo ilẹ̀. Orí yín ti dé ibi tí Màmá kọ mẹ́ta ààbọ̀ sí."

Ẹ̀rín tó sọ lórí òrùlé yẹn, mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ ní títì. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta tú okùn pátákó, wọ́n sì dojú ọ̀gá bolẹ̀ jẹ́jẹ́. Mo sọ̀kalẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ ètò mi. Aago mẹ́rin ààbọ̀ kọjá, ìnfátà kò ké. Bàbá apẹja pè. "Ìyá Rédíò, iná ò kú lónìí? Ẹ ti kó bá mi o. Àwọ̀n mi ti tán, mo ní láti tú u kí n lè tún un ran!" Ètò bọ́ọ̀lù kò gba àyè mi títí di òní.

Mi ò ní purọ́ fún ọ, ó dùn mọ́ mi, ó sì ṣì ń dùn. Mo ti máa ń rò pé ipò ló ba ọmọ náà jẹ́, pé mo kọ́ ọ dáadáa, ayé ló wá kọ́ ọ ní ìwà mìíràn. Nígbà tí mo parí ètò, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó ti ṣí fìlà, ó dúró bí ìgbà tó máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi ní Ajah. Mo ń retí kó bẹ̀bẹ̀ nítorí ojú ìwé mẹ́jọ. Ọ̀rọ̀ mìíràn ló sọ, láti ọjọ́ náà ni mo sì ti mọ̀ pé gbèsè àárín wa ti pẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ, àti pé ọwọ́ ara mi ni mo fi fọwọ́ sí i. Ó ní, "Mà, igi tẹ́ ẹ ní ká kàn mọ́lẹ̀ nígbà yẹn, mi ò kàn án. Ìwé ẹlòmíì ni mo dà kọ."