Fèrè Tí Kò Béèrè Àtàǹpàkò

Ọ̀bẹ tí obìnrin aránbàtà kan fi ń gé awọ ló yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gé iṣan àtàǹpàkò òsì rẹ̀. Dókítà rán an. Ojú ọgbẹ́ jinná, àmọ́ ìka náà kò ká mọ́. Ó nà ró bí ẹni tí wọ́n ní kó dúró kí ọ̀gá ọlọ́pàá kọjá.

Iṣẹ́ bàtà kò torí ìyẹn dúró. Ó kọ́ bí a ṣe ń fi orúnkún tẹ awọ mọ́ abẹ́ tábìlì, iṣẹ́ sì ń lọ. Rikọ́dà ni kò gbà.

Rikọ́dà ni fèrè onígi tó ti ń fọn láti ilé ìwé. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ó ṣe roboto, bí ìgbà tí èèyàn rọra fẹ́ atẹ́gùn sí ọrùn ìgò. Àwọn ihò wà níwájú rẹ̀, ẹyọ kan sì wà lẹ́yìn tí àtàǹpàkò òsì ń dí. Bí orin bá fẹ́ gòkè, àtàǹpàkò á ká díẹ̀, á ṣí ihò náà bí ẹni tó ń yọjú lẹ́nu ilẹ̀kùn. Èyí tí kò ká kò lè yọjú. Ńṣe ló ń ṣílẹ̀kùn gbayawu, ohùn á sì ya.

Òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn ni wọ́n máa ń pàdé nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ní yàrá òkè ilé ìkàwé, láti fọn orin àtijọ́, àwọn orin tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ kí píánò tó dáyé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, wà nínú wọn, àti ọkùnrin tó ń tọ́jú ilé ìkàwé náà. Olórí wọn jẹ́ olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì. “Ká-Tún-un-Ṣe” ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, torí kò sí orin tó parí lójú rẹ̀.

Nígbà tí ohùn tó ń ya náà kò dẹ́kun, Ká-Tún-un-Ṣe pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

“Màdáámù, ẹ má bínú. Ẹ ò ṣe máa bá wa ṣí ìwé orin?”

“Ọ̀gá, mi ò wá síbí láti wá ṣí ìwé.”

“Ẹnìkan ti ń bẹ̀ mí fún àga yín yẹn o. Eré wa sì ti sún mọ́lé.”

“Ẹ fún mi ní Ọjọ́bọ̀ méjì. Fèrè páànù ò ní ihò lẹ́yìn. Màá wá èyí tó ń dún bíi rikọ́dà.”

“Fèrè páànù? Ìyẹn tó ń ké bíi kẹ́tùlù tó ń hó?”

“Irú ìyẹn nìkan kọ́ ló wà.”

“Tó bá ti dún bíi kẹ́tùlù, àga ti lọ nìyẹn.”

“Mo gbọ́, sà.”

Òun nìkan ló lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun èlò orin. Aránbàtà ni: awọ ló máa ń wò kó tó wo bàtà. Ó rí fèrè kan láàárín àwọn fèrè páànù tó jẹ́ pé igi ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Igi ni rikọ́dà, igi ni kí èyí náà jẹ́. Ó fọn ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó dùn mọ́ ọn, ó gbé e lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, fèrè onígi náà ń mí hẹ̀ẹ̀ nísàlẹ̀. Nígbà tó gòkè, ó figbe ta.

“Ẹ dákun,” ni ọkùnrin ilé ìkàwé wí, “táyà ta ló ń jò?”

Ká-Tún-un-Ṣe bọ́ ìgò ojú rẹ̀. Ó ń nù ún. Ìyẹn ló dun aránbàtà jù.

Bí wọ́n ti ń lọ sílé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, “Àbúrò mi, fi sílẹ̀. Ìka ló ṣe é. Kò sẹ́ni tó máa fi ẹ́ ṣẹ̀sín.”

“Ẹ bá mi dé ṣọ́ọ̀bù lọ́la. Ẹ mú rikọ́dà yín dání.”

“Kí n wá fi ṣe kí ni?”

“Fèrè yìí nìkan ni mo gbọ́ nígbà tí mo rà á. Èmi tí mò ń tún bàtà ṣe, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni mo yẹ̀ wò!”

Baba arúgbó tó ni ṣọ́ọ̀bù rí wọn, ó mí kanlẹ̀. Ó gbà láti pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọn ohùn gígùn kan, àbúrò ń fi fèrè kọ̀ọ̀kan tò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Òkè ló ti ń bẹ̀rẹ̀ báyìí.

“Gbogbo wọn ló níwà nísàlẹ̀,” ló wí. “Òkè ni mo fẹ́ bá wọn rìn.”

Èyí tó ń dán yinrin, ẹ̀gbọ́n ní, “Ó ń bá mi jà.” Èyí tó nípọn, ó ní, “Ó ti borí mi.”

“Ọmọ yìí,” ni baba wí, “ṣé o fẹ́ fọn ṣọ́ọ̀bù mi tán ni?”

“Bàbá, ẹ jókòó. Ó máa pẹ́ díẹ̀.”

Èyí tó kàn jẹ́ idẹ, àmọ́ ike dúdú ni ẹnu rẹ̀. Aránbàtà yínmú sí i.

“Ike?”

“Ṣé ojú lo fi ń gbọ́ orin ni?” baba dá a lóhùn.

Ó fi èémí kékeré sí i, lókè pátápátá. Fèrè náà dáhùn láì pariwo. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé rikọ́dà kúrò lẹ́nu, ohùn náà kò dúró. Ó wo fèrè ọwọ́ rẹ̀, ó wo àbúrò rẹ̀.

“Yéè! Mo rò pé èmi ni.”

“Èyí ni,” ni aránbàtà wí.

Fèrè náà ní ìṣòro tirẹ̀. Bí èémí bá pọ̀ díẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ á fò sókè. Àwọn ohùn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ìdajì ihò ni ìka gbọ́dọ̀ dí. Láàárín bàtà kan sí òmíràn, ó ń fi ìka wá ìdajì.

“Bàtà mi ńkọ́?” ni oníbàárà kan bi í.

“Ó ń bọ̀, sà. Mo ń wá ìdajì kan ni.”

Ọjọ́bọ̀ kejì dé. Ká-Tún-un-Ṣe rí ike dúdú náà, ó ní, “Hẹ̀n.” Wọ́n fọn orin náà. Níbi tó ga jù, kò ya, kò ké. Ó wọ àárín àwọn yòókù. Olórí gbọ́ ọ dé òpin, ó ní kí wọ́n tún un fọn. Lẹ́yìn náà ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

“Ó bá tiwa mu. Mi ò rò pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ohùn rẹ̀ kéré, màdáámù. Apá kìíní gbọ́dọ̀ yọ sókè ká tó mọ ibi tí orin ń lọ. Apá kejì ló bá a lára mu.”

Láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, aránbàtà ló ń fọn apá kìíní. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ni apá kejì. Ẹ̀gbọ́n náà ń wo ilẹ̀.

Aránbàtà dìde. Ó gbé irin tó ń gbé ìwé orin dúró, ó gbé e wá sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sún sí ọ̀hún.”

“Ṣé ó dá ẹ lójú?”

“Àga ni mo ní mò ń wá. Mi ò sọ pé èwo.”

Ó ṣí ìwé apá kejì. Ohùn onídajì ihò kún orí ìlà àkọ́kọ́. Ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó to ìka sórí idẹ náà, ó gbójú sókè wo olórí.

“Ó yá,” ló wí.