Ọmọ Tó Fà Mọ́ Àǹtí Rẹ̀

Bébà ni èèyàn lè fi tipá lẹ̀ mọ́ bébà. Ọmọ kì í ṣe bébà. Fífà ló ń fà mọ́ni, ẹni tó bá sì wù ú ló ń fà mọ́. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Gọ́ọ̀mù mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ó ti lé ní ọdún méjìlá tó ti ń fi gọ́ọ̀mù di ìwé nílé ìtẹ̀wé, ìwé tó bá sì gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá kì í tú.

Àmọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, kò sún mọ́ ọn mọ́. Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyá, àbúrò ìyá tó ń gbé yàrá òdìkejì ló gba ọmọ tọ́jú. Ìyá ti dé, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ọmọ kò padà. Ẹnu ọ̀nà ló ti ń kí i láràárọ̀ bí ẹni ń kí àlejò, á sì sáré lọ bá àǹtí rẹ̀.

“Ẹ ò rí bó ṣe fà mọ́ àǹtí ẹ̀,” ni ará ilé kan wí. “Ìgbín ò ní fà kó má gbé ìkarahun ẹ̀.”

Ìyá Gọ́ọ̀mù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọ̀hún kò dénú. Owú ń jẹ ẹ́, ká má purọ́. Àbúrò tó bá a tọ́mọ wá di ẹni tí kò mọ nǹkan kan ṣe: irun tó ń dì fọ́mọ le jù, kódà ọṣẹ tó fi ń wẹ̀ ẹ́ ń ta sánsán jù.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó bá ọmọ náà lórí itan àǹtí rẹ̀. Ara rẹ̀ kò gbà á mọ́.

“Dìde, ká lọ sí yàrá wa.”

Àbúrò kó aṣọ ọmọ sínú báàgì. Nígbà tí wọ́n dé yàrá, ọmọ lọ jókòó sí ìkángun ibùsùn.

“Ṣé èmi kọ́ ni mo bí ẹ ni? Kí ni mo fi ṣe ẹ́ tí o ò fi lè fà mọ́ mi?”

Ọmọ náà ń wo ikùn rẹ̀. “Wọ́n rán ikùn yín. Àǹtí ní tí mo bá dì mọ́ yín, ojú ọgbẹ́ á là, wọ́n á tún gbé yín lọ. Ṣé ó ti jinná ni?”

Ó ti jinná láti oṣù méjì sẹ́yìn. Ìyá Gọ́ọ̀mù ti sọ fún ọ̀gá rẹ̀, ó ti sọ fún gbogbo ará ilé. Kò sọ fún ọmọ.