Ìlera Tí Akínladé Bù Mu Nínú Ọ̀gọ̀dọ̀

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n gbáko ni Sàlámì Akínladé fi lu òǹtẹ̀ mọ́ lẹ́tà ní posọ́fíìsì kan ní Ìbàdàn. Kò fọwọ́ kan ọkọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ̀yìn tì, tó padà sí Ìdèrè ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1971, kò sí àgbẹ̀ kan tó mọ̀ nípa ilẹ̀ tó o. Àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ń gbọ́, wọ́n ń mi orí. Ẹni tó bá ti fi ṣòkòtò gígùn jókòó sórí àga pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, a kì í já a nírọ́ lójú ara rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló lé e wálé. Dókítà ní kó dín iyọ̀ kù, kó sì sinmi. Akínladé gbọ́ “sinmi,” kò gbọ́ “iyọ̀.” Ó ní ariwo Ìbàdàn ló ń pa òun, pé bí òun bá ti bá ilẹ̀ àti ewéko rẹ́, ara òun yóò le bí ara ọmọ ogún ọdún. Láwàl, ọmọ rẹ̀, tí òun àti ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta ń gbé yàrá kan ní Mókọ́lá, kò bá a jiyàn.

“Bàbá, ẹ lọ gbìyànjú rẹ̀ wò,” ló wí. “Ṣùgbọ́n bí iṣu ọdún tí ń bọ̀ bá jáde tí ẹ ò ní tiyín lóko, mo ń bọ̀ wá kó yín ni o.”

Akínladé búra pé òun kò ní lọ sùn sí ìdí bẹ́ẹ̀dì ọmọ òun láéláé. Ẹgbẹ̀ta ebè lòun yóò kọ.

Omi ló kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé. Sòbìà, aràn gígùn tó ń gba ẹsẹ̀ ènìyàn jáde bí òwú, kì í ṣe àlejò ní Ìdèrè. Nọ́ọ̀sì kan tó máa ń wá láti Ìgbó-Ọrà ti sọ fún àwọn obìnrin pé inú omi ọ̀gọ̀dọ̀, omi adágún tí ìlú ń pọn, ló ti ń wá, pé kí wọ́n máa fi aṣọ tí ihò rẹ̀ há sẹ́ ẹ. Hàlímọ̀, ìyàwó Akínladé, gbọ́, ó sì ń ṣe é. Ọkọ rẹ̀ bá a lórí ìkòkò láàárọ̀ ọjọ́ kan.

“Hàlímọ̀, kí lò ń sẹ́ un? Ògì ni?”

“Omi ni, Bàbá Mùnírátù,” ni Hàlímọ̀ fi orúkọ àkọ́bí wọn dá a lóhùn.

“Omi tí Ọlọ́run dá! Ta ló ń sẹ́ omi fún àgbọ̀nrín nínú igbó?”

“Ẹ ti rí àgbọ̀nrín tó pé ọmọ àádọ́ta ọdún rí?”

Akínladé là á yé e pé sòbìà kì í ṣe aràn rárá, iṣan ara ni. A ti bí i mọ́ olúkúlùkù, ẹni tó bá ń bá ilẹ̀ jà nìkan ló ń yọ lẹ́nu. Láti ọjọ́ náà ó ra ìkòkò tirẹ̀. Omi àìsẹ́ ni wọ́n ń pọn sí i.

Ì bá sì dára ká ní inú ìkòkò yẹn ló fi ọgbọ́n rẹ̀ mọ. Ó wọ ẹgbẹ́ aláàáró pẹ̀lú ọkùnrin mẹ́ta: Búrẹ́mọ̀, Sàláúdéènì àti Wàhábì tó kéré jù. Bí wọ́n bá bá ẹnì kan kọ ebè tán, wọn a kọjá sí oko ẹnì kejì. Nítorí pé igbó ṣì ni ilẹ̀ Akínladé, wọ́n sún tirẹ̀ sí ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kejì. Bí àwọn yòókù bá kọ ebè mẹ́wàá, òun a kọ méjì, a sì fi wàásù dí mẹ́jọ tó kù. Ìyàwó wọn a gbé omi sísẹ́ fún wọn lọ sóko. Akínladé a dà á nù.

“Òkú omi nìyí! Ẹ bọ̀ níbi tí omi gbé wà láàyè.”

Òun a sọ̀kalẹ̀ lọ sétí ọ̀gọ̀dọ̀, a bù ú ní igbá, a kọ́kọ́ mu, a sì nà án sí wọn. Búrẹ́mọ̀ mu. Sàláúdéènì mu, ó tún bù sí i. Wàhábì ní òun ti mu tilé wá. Ẹ̀rù ìyàwó rẹ̀ ń bà á ju ẹ̀rù sòbìà lọ, gbogbo ìlú ló sì mọ̀.

Kí n má purọ́, ọdún yẹn dùn mọ́ Akínladé. Ẹsẹ̀ lásán ló fi ń rìn nínú ìrì. Ó ń kí igi igbá ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ láràárọ̀, “Ẹ kú òwúrọ̀ o, bàbá,” kó tó kí Ẹni tó dá igi. Àdúrà Àsùbáà wá di ohun tí à ń ṣe bí ìrì bá gbẹ tán. Ọlọ́run kò kúkú bínú. Ó ń wò ó.

Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 1972, ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí àáró kàn án, ọrùn ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yún un. Ó ní ilẹ̀ ló ń bá òun sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kejì ibẹ̀ lé ròrò, ó ń gbóná bí ẹ̀yinná. Lọ́jọ́ kẹta ó bẹ́, ohun funfun kan sì yọjú níbẹ̀.

Hàlímọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. “Ilẹ̀ ti sọ̀rọ̀ tán, Bàbá Mùnírátù. Orí ọ̀rọ̀ náà nìyí.”

Akínladé fẹ́ lọ ti ẹsẹ̀ bọ ọ̀gọ̀dọ̀, kó lè tutù. Hàlímọ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọmọ odó sórí itan.

“Ẹ ò ní ti ẹsẹ̀ yẹn bọ omi tí ìlú ń mu. Ẹ jẹ́ kí n bu omi sí ọpọ́n fún yín.”

“Omi sísẹ́?”

“Ẹsẹ̀ yín ò ní mọ̀.”

Àwọn àgbà ní bí sòbìà yóò bá degbò, olúgànbe là á ké sí. Ó ti degbò tán kí Akínladé tó rántí pé ewé kan ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ àáró pé. Wàhábì nìkan ló dé, ọkọ́ léjìká.

“Búrẹ́mọ̀ ńkọ́?” ni Akínladé bi í.

“Orúnkún ni tiwọn.”

“Sàláúdéènì ńkọ́?”

“Ẹsẹ̀ méjèèjì. Wọ́n ní kí n kí yín, kí n sì bi yín bóyá omi náà ṣì wà láàyè.”

Òjò àkọ́kọ́ ò ní pẹ́ rọ̀. Kò sí ebè kan nílẹ̀. Akínladé fi apá agbádá bojú, ó ń sunkún. “Láwàl ń bọ̀ wá kó mi bí ẹrù,” ló ń wí.

Hàlímọ̀ wọlé, ó mú ọkọ́ rẹ̀ jáde.

“Obìnrin kì í kọ ebè iṣu níbí,” ni ọkọ rẹ̀ wí láàárín ẹkún.

“Ọkùnrin kì í sì í jókòó wò ó. Wàhábì, ó yá.”

Lọ́jọ́ kejì ìyàwó Búrẹ́mọ̀ àti ti Sàláúdéènì dé sóko láti san àáró ọkọ wọn, àfi bí ẹni ń lọ síbi ìgbéyàwó pẹ̀lú ẹ̀rín. Ẹ̀rín ta ni wọ́n ń rín, Ọlọ́run ló mọ̀. Nígbà tí òjò rọ̀, ó ti di òjìlúgba ebè. Kò tó ẹgbẹ̀ta, ṣùgbọ́n iṣu kì í béèrè ẹni tó kọ ebè.

Láwàl dé nígbà tí iṣu jáde. Ó bá bàbá rẹ̀ lójú ọ̀nà ọ̀gọ̀dọ̀ lórí àpótí, ẹsẹ̀ ti jinná ṣùgbọ́n ó ń tiro díẹ̀. Akínladé ń lé gbogbo ẹni tó bá ní egbò lẹ́sẹ̀ kúrò létí omi, ó sì ń kọ́ àwọn obìnrin bí a ti ń sẹ́ omi, àwọn obìnrin tó ti ń sẹ́ ẹ láti ọjọ́ pípẹ́.

“Ìṣẹ̀dá ló fi hàn mí,” ló ń wí fún wọn. Ara rẹ̀ ń dán. Inú rẹ̀ dùn ju ti ìgbà tó ń mu omi àìsẹ́ lọ.

“Bàbá, ṣé ká lọ Ìbàdàn?” ni Láwàl bi í.

“Ìbàdàn ṣe kí ni? Ta ni yóò máa ṣe oko mi?”

Hàlímọ̀ ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán pẹ̀lú iṣu lórí, òógùn bò ó. Ó ní kí Láwàl wá sọ ẹrù fún òun, pé òmíràn ṣì wà lóko, bàbá rẹ̀ ò sì tíì parí ọ̀rọ̀.