Ọjọ́ Tí Màmá Abíọ́lá Ṣubú Lójú Fóònù

Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé yìí dé bá mi. Èmi nìkan ni mo wà nílé ní Ìbà. Olùkọ́ àti àwọn ọmọ kíláàsì ìwé kíkà wa wà lórí fóònù, níbi tí a ti ń kẹ́kọ̀ọ́. N kì í tan kámẹ́rà, n kì í sì í sọ̀rọ̀.

Màmá Abíọ́lá, ọ̀kan nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́, ń kàwé fún wa lọ́wọ́ ni wọ́n bá ṣubú lulẹ̀. A pè wọ́n títí, wọn ò dáhùn. Olùkọ́ bèèrè pé, "Ta ló mọ ilé wọn?" Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Báyìí náà ni ìyàwó mi ṣe ṣubú nílé lọ́jọ́ tó kú, tí kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀.

Ìgbà náà ni ládàánì wa pe ìrun. Mo gbọ́ ọ lójú fèrèsé, mo tún gbọ́ ọ nínú fóònù láti ilé Màmá Abíọ́lá: ohùn kan náà, ikọ́ kan náà láàárín ìpè. Àdúgbò wa ni wọ́n wà.

Mo sáré dé mọ́ṣáláṣí. Mo dárúkọ Màmá Abíọ́lá fún àwọn tó ń ṣe àlùwàlá, wọ́n mú mi lọ sílé Màmá, a sì já ilẹ̀kùn. Màmá ṣì ń mí.

Ní ọsibítù, wọ́n lajú. "Bàbá, ta ni yín?"

"Ọmọ kíláàsì yín tí kì í tan kámẹ́rà ni."

"Háà, mo ti rò pé ọmọ kékeré ọlẹ kan ni."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo fi àdírẹ́sì ilé mi ránṣẹ́ sí gbogbo kíláàsì. Mo kọ ọ́ sí i pé èmi nìkan ni mo ń gbé.