Máṣíìnì tí Bàbá Mi Ní Kí N Gùn Wálé

Òórùn kẹrosíìnì ni mo fi máa ń mọ̀ pé ọjọ́ Àìkú pé, láyé ìgbà tí mo ń gbé yàrá kan ní Ìdímù. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, àwọn aláṣọ funfun ilé wa á bọ́ bàtà sílé, wọ́n á fi ẹsẹ̀ lásán gba ìjọ wọn lọ. Àwọn tó kù á gbé Bíbélì sábẹ́ abíyá. Ilé á wá dá wáí. Èmi tí n kò láya, tí n kò lọ́rẹ̀ẹ́ tó lè yà kí mi, màá gbé àpótí ìjókòó sẹ́yìn ilé, màá da kẹrosíìnì sínú abọ́, màá máa fọ ṣéènì máṣíìnì. Ẹni tó bá rí mi á ní mo mà fẹ́ràn iṣẹ́ o. Irọ́ ni. N kò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ ni.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè é ní ọ̀kadà. Máṣíìnì là ń pè é nílé wa, bàbá mi ló sì ni ín. Wolé-wolé ni bàbá mi, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ilé àti àmù wò kí tanwíjí má bàa wà nínú omi. Sálẹ́ńsà máṣíìnì náà, irin tó yẹ kó máa gbé ariwo rẹ̀ mì, ti lu látijọ́, ariwo náà sì ni gbogbo ìlú wa lẹ́bàá Ìṣẹ́yìn fi ń mọ̀ pé bàbá mi ń bọ̀. Tú-tú-pá! Tú-tú-pá! Kí wọ́n tó dé ẹsẹ̀ odò, àwọn obìnrin á ti máa dé àmù, àwọn ọmọdé á ti máa gbálẹ̀ kíákíá. Ìyá mi, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn, á ti gbé omi ẹ̀kọ kaná.

Ìgbà tí mo ríṣẹ́ akọ̀wé l'Ékòó ni bàbá mi fa máṣíìnì náà lé mi lọ́wọ́. Àmọ́ ojú ń tì mí láti gùn ún. Akọ̀wé tó wọ táì, tí máṣíìnì rẹ̀ ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta! Mo bò ó mọ́ ẹ̀yìn ilé, mo ń wọ bọ́ọ̀sì kiri. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n èmi lo odindi ọdún mẹ́ta n kò délé. Iṣẹ́ ni mo fi ń ṣe àwáwí.

Ọjọ́ kan ni awakọ̀ kan tó jẹ́ ará ìlú wa pè mí ní Ìyànà Ìpájà. Ó ní, “Bàbá ẹ ní kó o wálé o. Ojú wọn ti ń ṣú, àwọn èèyàn ò hàn sí wọn dáadáa mọ́. Wọ́n ní o ò gbọdọ̀ wọkọ̀ o, máṣíìnì àwọn ni kó o gùn wá.”

Ojú bàbá mi! Ṣùgbọ́n ẹ wo òmùgọ̀ èèyàn: ohun tí mo rò ni pé wọ́n fẹ́ yẹ máṣíìnì wò ni. Àbí kí ni wolé-wolé tún máa fi ṣe? Mo wá búra pé kí ojú yẹn tó ṣú tán, wọ́n á rí i pé ọmọ àwọn kò bà á jẹ́.

Mo gbé e lọ bá mẹkáníkì kan n'Íkòtún, àgbàlagbà tó mọṣẹ́, òun nìkan ló sì ń bá mi sọ̀rọ̀ tó gùn lọ́dún yẹn. Ó pààrọ̀ táyà méjèèjì, ó tún bíréèkì ṣe, ó fọ kàbúrétọ̀. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó nu ọwọ́, ó ní, “Akọ̀wé, ó ti parí. Máa lọ sílé.”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ó ku sálẹ́ńsà.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Ariwo ò ní kó o má débẹ̀ jàre. Báyìí ni bàbá ẹ ṣe lò ó. Ìwọ ń lọ kí bàbá ẹ, ò ń wá sálẹ́ńsà. Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni o.”

N kò gbọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mìíràn la fi wá sálẹ́ńsà tó bá a mu. Nígbà tí ó dè é mọ́ ọn, tí mo fẹsẹ̀ ta á, máṣíìnì ń kùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni ń korin nínú imú. Inú mi dùn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Mẹkáníkì náà ju sálẹ́ńsà àtijọ́ sórí òkìtì irin.

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni mo gbéra. Mo wo ọ̀ọ̀dẹ̀ bóyá n ó rẹ́ni dágbére fún, kò sẹ́nì kankan. Ìlẹ̀kùn yàrá mi ni mo sọ fún pé ó dìgbà. Mo gba Ìyànà Ìpájà já sí Abẹ́òkúta, mo kọjú sí Ìṣẹ́yìn, mo ń fi gbogbo ọ̀nà dá orin kọ, tí mo tún ń dá a gbè fúnra mi.

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí mo já sójú ilé. Bàbá mi jókòó síta lórí àga, wọ́n na ọrùn sí ọ̀nà. Mo gun máṣíìnì títí dé ẹsẹ̀ wọn, wọn kò mira.

“Ta nìyẹn?”

“Bàbá, èmi ni.” Mo dọ̀bálẹ̀.

Wọ́n na ọwọ́, wọ́n wá orí mi títí wọ́n fi rí i. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ojú ti lọ tán. “Káàbọ̀, ọmọ mi. O padà wọkọ̀ wá náà, àbí?”

“Rárá o, máṣíìnì yín ni mo gùn.”

Wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀. “Bó o bá ti tà á, sọ fún mi. N ò ní bínú.”

Mo mú ọwọ́ wọn, mo gbé e lé tánkì. Wọ́n ń fọwọ́ wá a kiri títí wọ́n fi kan ibi tó tẹ̀ wọnú, níbi tí mo ti gbé e kọlu igi ọsàn nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ.

“Òun ni,” ni wọ́n wí. “Kí lo ṣe fún un tó fi yadi? Láti ọjọ́ tí mo ti ránṣẹ́ ni mo ti ń jókòó síbí tẹ́tí sí i. Mo ní bó bá ti dé ẹsẹ̀ odò ni n ó ti gbọ́ pé ọmọ mi dé. N ó lè dìde dúró dè ọ́.”

Mo sunkún. N kò fi bò wọ́n. Nígbà tí mo padà sí Ìkòtún láti gba sálẹ́ńsà àtijọ́, àwọn onírin àlòkù ti gbé e lọ. Bàbá mi kò rí ọdún kejì.

Ìgàndó ni mo ń gbé báyìí. Àwọn ọmọ mi ti ní ọkọ̀ tiwọn, ọkọ̀ tí kì í dún. Bí wọ́n bá ń bọ̀, mo ní dandan ni kí wọ́n fọn fèrè láti ìyànà. Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, “Dádì, ẹ ṣáà ń rí wa láti ojú wíńdò.” Lóòótọ́, ojú mi ṣì ń ríran. Ṣùgbọ́n dídìde kì í yá mi bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́, mo sì fẹ́ ti wà ní ìdúró kí wọ́n tó wọlé.