Òkè tí Dádì Fẹ́ Rí

Ọjọ́ Sátidé tí a lọ wo òkè Ìdànrè kò lè kúrò lọ́kàn mi láé.

Dókítà ti sọ pé ojú Dádì kò ní pẹ́ fọ́. Òkè yẹn ni wọ́n fẹ́ rí kó tó di ìgbà náà, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú wa kò dé ọ̀hún rí. Ojoojúmọ́ ni Dádì ń bi àwọn awakọ̀ Ìjẹ̀bú-Òde léèrè ọ̀nà. Àwọn yẹn ní ọwọ́ ọ̀tún ni òkè náà máa yọ sí, ni Dádì bá ní iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mọ́mì, ni àwọn máa jókòó.

Mọ́mì ló wakọ̀. Lẹ́yìn tí a kọjá Oǹdó, Dádì ní, “Tẹná sí i, Mọ́mì Bọ́lá. Ilẹ̀ ti ń ṣú.” Oòrùn ọ̀sán ń mú ganrínganrín lórí wa. Mọ́mì tẹná.

Nígbà tó yá, òkè náà yọ, ó dúdú, ó tóbi. Ọwọ́ òsì ló wà. Mọ́mì dúró, wọ́n ní, “Dádì Bọ́lá, òkè náà rèé.”

Dádì yíjú sí ọ̀tún, wọ́n tẹjú mọ́ oko ẹ̀gẹ́ kan. “Ó mà ga o,” ni wọ́n wí.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ Mọ́mì mi orí sí mi nínú díńgí.

Títí a fi délé ni Dádì ń ròyìn òkè náà fún wa. Èmi àti Mọ́mì ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.