Àdán Borí, Wọ́n Fa Òdòdó Mi Tu

Ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí nígbà tí mo ń ṣe tíṣà lórí omi Ìlàjẹ, kí ẹ fi mí rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ìlú méjì ló ni ilé ìwé wa, odò ló là wọ́n láàárín. Nígbà tí ìjà orí omi bẹ́ sílẹ̀, àwọn òbí òdìkejì kò jẹ́ kí ọmọ wọn wọ ọkọ̀ wá mọ́. Ìdajì kíláàsì mi lọ, ó dùn mí gan-an. Ọ̀gá wa bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n ní àwọn á bá àwọn ọmọ wá lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ bí ariwo bá tún ṣẹlẹ̀, ó parí nìyẹn.

Ọ̀gá ní kí n ṣètò dìbéètì fún ọjọ́ náà níwájú òbí ìlú méjèèjì, n kò sì gbọdọ̀ fẹnu kan ẹja, ilẹ̀, epo rọ̀bì tàbí odò, torí àwọn ló fa ìjà. Kí ló wá kù? Mo mú àdán àti òdòdó, èwo ló wúlò jù. Ta ló máa torí àdán jà?

Ọmọbìnrin kan láti òdìkejì gbèjà àdán. Ó ní èso ló ń jẹ, òun ló ń gbin igi kiri fún wa, àwa èèyàn la sì ń pa á jẹ títí ó fi ń tán lọ. Ó ní ọ̀dọ̀ tàwọn ló ń sùn, ọ̀dọ̀ tiwa ló ti ń jẹun.

Yéè! Bàbá kan nílùú tiwa dìde, ó ní ṣé bí wọ́n ṣe ń wá jẹ tiwa náà nìyẹn. Àwọn òdìkejì dìde pẹ̀lú.

Mo sáré nawọ́ sí òdòdó funfun tó wà lẹ́nu ọ̀nà, mo ní kí ọmọ tó kàn sọ tirẹ̀. Ó wò ó, ó ní gegemu mà nìyẹn, ẹni tó bá jẹ ẹ́, orí rẹ̀ á dàrú, ó sì lè kú. Ó ní òun ò gbèjà májèlé, òun ti dara pọ̀ mọ́ àdán.

Ìyá kan béèrè ẹni tó gbìn ín. Èmi ni! Ẹwà rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀.

Bàbá ìlú tiwa tó dìde lẹ́ẹ̀kan kọjú sí mi: "Tíṣà, wo fẹ́ pa ọma wa?"

Àwọn òdìkejì gbè é lẹ́yìn: "Ọma wa!"

Ọmọ ni wọ́n ń pè ní ọma, wọ́n ní ṣé mo fẹ́ pa ọmọ wọn ni. Láti ìgbà tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀, n kò tíì gbọ́ kí ẹnu wọn kò lórí ohunkóhun. Wọ́n jọ fa òdòdó náà tu, wọ́n jọ bá mi wí. Mo dọ̀bálẹ̀, inú mi sì ń dùn.

Ní Mọ́ńdè, ọkọ̀ òdìkejì dé, ó kún fọ́mọ. Ìyá kan tẹ̀ lé wọn, ó ní òun wá wò ó bóyá mo tún ti gbin nǹkan mìíràn.

Ẹ̀kọ́ mi ni pé kéèyàn béèrè orúkọ òdòdó kó tó gbìn ín. Àmọ́ tó bá jẹ́ ìbáwí mi ló máa mú ìlú méjì rẹ́, kí wọ́n máa bá mi wí lọ. Ta ni wọ́n ti parapọ̀ bá wí rí nínú yín? Ẹ sọ tiyín fún wa.